Ètò Tí Ọ̀gá Gbádérọ̀ Dá Dúró

Ọ̀gá Gbádérọ̀ kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún yìí. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá, ní aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú àárọ̀, wọ́n pa àṣẹ kan fún kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wa.

Mo rí i nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà. Kọ̀ǹpútà tó bá ń lo Linux, ètò ìpìlẹ̀ tó ń darí ẹ̀rọ, kì í gbàgbé nǹkan. Ẹni tó pàṣẹ, ìgbà tó pa àṣẹ náà, ohun tó ní kí ẹ̀rọ ṣe, ó máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìlà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Orúkọ wọn ló wà nínú ìlà náà, gbadero, ní lẹ́tà kéékèèké bí wọ́n ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà ni mo yíjú wo àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí ẹnikẹ́ni kò tíì jókòó sí láti oṣù kẹta. Sálúbàtà wọn ṣì wà lábẹ́ tábìlì. Ọ̀kan dojú délẹ̀.

Ohun tó gbé mi dé ìdí àkọsílẹ̀ náà nìyí. Ní ọjọ́ Ajé tó ṣáájú, Dókítà Àníọlá, tí wọ́n ni ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ring Road, pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọn kì í gbóhùn sókè.

"Mujeebat, àwọn aláyẹ̀wò ìjọba ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n máa wo kọ̀ǹpútà wa. Ètò èyíkéyìí tó bá ti gbó lórí ẹ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, a ò sì ní rí ìwé àṣẹ tuntun gbà."

"Mo ti gbọ́, sà."

"Kí gbogbo ẹ̀ ti di tuntun kí ilẹ̀ Ọjọ́bọ̀ tó ṣú. Ṣé o lè ṣe é? Bí o ò bá lè ṣe é, tètè sọ, kí n wá ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ yunifásítì kún Agbowó fọ́fọ́."

Mo ní mo lè ṣe é. Iṣẹ́ yìí nìkan ni ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ mi tíì rí gbà fún mi. Kí n tó rí i, ibi mẹ́rìnlá ni mo ti gbé ìwé náà dé. Ibi mọ́kànlá kò kà á kọjá orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ibi méjì ní kí n padà wá, mo padà lọ, wọn ò rántí mi. Ọkùnrin kan ní Dùgbẹ̀ fi ṣe abẹ̀bẹ̀ níṣojú mi títí tó fi parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù, ó wá dá a padà fún mi. Mo mọ ohun tí yóò jẹ́ fún mi bí mo bá tún gbé ìwé náà jáde.

Sísọ ètò orí Linux di tuntun kò ṣòro fún ẹni tó bá mọ ọ̀nà rẹ̀. Ojú dúdú kan ni wàá ṣí, tí kò sí àwòrán kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ni. Wàá kọ́kọ́ tẹ sudo apt update. Ẹ̀rọ á lọ wádìí bóyá ẹ̀dà tuntun ti jáde fún àwọn ètò tó wà lórí rẹ̀. Wàá wá tẹ sudo apt upgrade. Á to orúkọ gbogbo ètò tó fẹ́ pààrọ̀ síwájú rẹ, á dúró, á sì bi ọ́ bóyá kí òun máa bá a lọ. Bí o bá gbà, lẹ́tà Y ni wàá tẹ̀.

Ọ̀gá Gbádérọ̀ ló kọ́ mi. Alẹ́ Ìṣẹ́gun àti alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń wá kọ́ wa ní Agbowó, nínú yàrá kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò sórí ìlà kejì. Ìlà kejì ni mo jókòó sí fún ọdún mẹ́ta. Ní ọ̀sán, mò ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn kan ní Bódìjà, ọṣẹ ibẹ̀ ti la ìka mi, bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan tí mo bá tẹ̀ a máa ta mí.

"Ẹ ka orúkọ wọn sókè kí ẹ tó dáhùn," Ọ̀gá a máa sọ fún wa. "Ẹ kà á bí tíṣà tó ń pe orúkọ ọmọ ilé ìwé láàárọ̀. Ẹni tó bá tẹ Y láì kà á, kó má sọ níbì kankan pé èmi ni mo kọ́ òun."

Àwọn kan a máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo parí, nínú àwa mẹ́tàlélógún, èmi nìkan ni wọ́n mú wá sí Ring Road láti máa bá wọn ṣiṣẹ́. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Mo rò pé nítorí pé mo máa ń kà á sókè ni.

Nítorí náà, ní ọjọ́ Ajé yẹn, mo ka orúkọ ètò mẹ́rìndínláàádọ́ta sókè nínú yàrá òfìfo, mo tẹ Y, gbogbo wọn di tuntun. Ó ku ẹyọ kan. Ẹ̀rọ ní ẹnì kan ti dá ètò yẹn dúró, pé kí ẹnikẹ́ni má pààrọ̀ rẹ̀. Ètò tó ń kó èsì jínótáìpù láti ara ẹ̀rọ àyẹ̀wò wá sórí ìwé ni. Òun gan-an sì ni àwọn aláyẹ̀wò ìjọba máa kọ́kọ́ wò.

Mo tú u sílẹ̀. Àṣẹ kan péré ló gbà. Ṣùgbọ́n òfin Ọ̀gá ni pé a kì í pààrọ̀ ètò yẹn nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn bá wà lórí ẹ̀rọ. Àárọ̀ nìkan ni, kí ẹni àkọ́kọ́ tó gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa. Mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tí mo dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti tún dá a dúró. Ìgbà yẹn ni mo lọ wo àkọsílẹ̀.

Mo pe Ṣàkírù, ẹni tó ń fa ẹ̀jẹ̀ tó sì ń to ìgò rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Gúgúrú ló ń jẹ.

"Ṣàkírù, ṣé o fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí?"

"Èmi kẹ̀, Àǹtí? Èmi tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù nìkan ni mo mọ̀ ọ́n fi wò?"

"Ẹnì kan wọ orí ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Wo orúkọ tó wà níbẹ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó kà á. Ó dẹ́kun jíjẹ gúgúrú.

"Háà. Ọ̀gá ṣì ń wọṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, ó wo àga ẹ̀bá fèrèsé, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká pe Alfa kan kó wá ṣe àdúrà síbí o."

"Ṣé ìwọ lo máa sọ fún Dókítà pé Alfa ń bọ̀ wá ka kéú sí kọ̀ǹpútà lórí?"

"Kí wọ́n lè lé mi? Ẹ gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ èmi ò ní dá wà nínú yàrá yìí mọ́, mo ti sọ tèmi."

Mo tún tú u sílẹ̀. Ní Ọjọ́rú, mo kúrò nílé lójú mọ́mọ́. Láti Challenge, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn, mo sì ti jókòó síwájú ẹ̀rọ náà nígbà tó fi máa di aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo lè ti ṣe ìpààrọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, kí ohunkóhun tó dé. Mi ò ṣe é. Mo ṣí àkọsílẹ̀ sílẹ̀ lójú dúdú, mo ká ọwọ́ mi lé ẹsẹ̀, mo ń dúró. Mo fẹ́ rí ohun tó ń wá.

Ilé dákẹ́. Ìró ọkọ̀ ń gòkè wá láti Ring Road, ó jìnnà, bí ẹni pé ìlú mìíràn ni. Ní ogójì ìṣẹ́jú géérégé, fáànù inú kọ̀ǹpútà gbéra bí ẹni tó mí kanlẹ̀. Ìlà kan yọ. gbadero. Dá a dúró. Fáànù náà rọlẹ̀. Ó ṣe mí bí ẹni pé mo gbọ́ òórùn rọ́ọ̀bù tí Ọ̀gá máa ń fi pa iwájú orí láàárọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà," mo ní. Mi ò mọ ìgbà tí mo sọ ọ́.

Ó tó ìṣẹ́jú mélòó kan kí ọgbọ́n tí wọ́n kọ́ mi tó padà sí mi lára. Òkú kì í tẹ bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n ènìyàn lè kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀rọ Linux: bí aago bá ti lu báyìí, ṣe báyìí. Ẹni tó kọ ọ́ lè ti kú, ẹ̀rọ á máa ṣe é lọ ní orúkọ rẹ̀. Èmi ni mo ní ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn orí ẹ̀rọ yẹn báyìí. Mo ṣí ti Ọ̀gá, tí mi ò tíì ṣí rí, nítorí mo rò pé kò dára kí ọdún ènìyàn má tíì pé kí a máa tú ẹrù rẹ̀. Ìlà kan péré ló wà níbẹ̀, ó sì tọ́ka sí ìwé kan tí wọ́n pè ní omofe.

Mo mọ orúkọ yẹn. Ọmọ́fẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọ̀gá àti ìyàwó wọn, Ṣemílóore, bí. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde pa á ní ọmọ ọdún mẹ́fà, ní ọdún tí mo dé ilé iṣẹ́ wa. Mo ṣí ìwé náà.

Àṣẹ kan ló wà nínú rẹ̀, èyí tó ń dá ètò náà dúró. Ìyókù jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kì í kà, tí ènìyàn ń kọ fún ènìyàn.

"Nítorí Ọmọ́fẹ́. Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹjọ, 2013, aago méje kọjá ogójì ìṣẹ́jú àárọ̀. Mo tẹ Y. Mi ò kà á.

"Ẹ̀dà tó wọlé lọ́jọ́ yẹn ń ka ihò tí à ń to ìgò ẹ̀jẹ̀ sí lára ẹ̀rọ láti òdo. Ti tẹ́lẹ̀ ń kà á láti ení. Ẹ̀jẹ̀ ìdánwò tiwa, tí a fi ń yẹ ẹ̀rọ wò, ló máa ń wà nínú ihò òdo. Ẹni kìíní wá gba èsì ẹ̀jẹ̀ ìdánwò, ẹni kejì gba ti ẹni kìíní, ẹni kẹta gba ti ẹni kejì, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ṣe ètò náà ti tún un ṣe. Mo gba àtúnṣe náà, mi ò kà á, mi ò mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí Ọmọ́fẹ́ pé oṣù mẹ́sàn-án, tí ara rẹ̀ ò yá, ni mo tó padà wo àkọsílẹ̀. Ènìyàn méje ló ṣe jínótáìpù lọ́jọ́ yẹn."

Orúkọ méje tẹ̀lé e, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Níwájú mẹ́rin, wọ́n kọ: Mo ti rí i. Mo ti sọ. Mẹ́ta yòókù nìyí:

"Ẹni kẹrin. Èmi. Mo gba AA ẹni kẹta. AS ni mí.

"Ẹni karùn-ún. Mujeebat. Ó gba tèmi. Mo ti rí i. Mi ò tíì sọ.

"Ẹni keje. Akínlolú. Mi ò tíì rí i. Fóònù rẹ̀ ò lọ mọ́. Wọ́n ní ó ti kó lọ Moniya, pé káfíńtà ni."

Mo wo orúkọ mi. Nọ́ńbà fóònù tó wà níwájú rẹ̀ ni èyí tí mò ń lò títí di òní.

Mo rántí ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Ìtúnu Ààwẹ̀ ni. Òjò pa mí láti Challenge dé Ring Road, okùn bàtà mi ọ̀tún já ní àtẹ̀gùn kẹta pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Ọkùnrin kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewéko jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó sún fún mi. Mi ò wo ojú rẹ̀. Bàtà mi ni mò ń wò. Ọdún mẹ́rin ni mo fi bá Ọ̀gá ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan náà, tí mi ò mọ̀ pé àwọn ni.

Èmi àti Hàrúnà fẹ́ ṣe yìgì ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Hàrúnà ti mọ̀ tipẹ́ pé AS ni òun. Alfa wọn ní kí n mú ìwé tèmi wá. Nígbà tí mo mú un dé, AS ló wà lórí rẹ̀. Hàrúnà ní ká lọ tún un ṣe ní ibòmíràn. Ìyá mi ló kọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Zùwáírátù, ti sin ọmọ méjì tí fòníkú-fọ̀ladìde pa, ní ọdún kan náà, àwọn ọmọ náà sì ti sùn lẹ́yìn ìyá mi rí. Ìyá mi mú ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí mẹ́rin.

"Ṣé o fẹ́ kí n tún tọ́jú aṣọ òkú fún ọmọ-ọmọ lẹ́ẹ̀kẹta ni?"

Mi ò tún un ṣe. Hàrúnà gbéyàwó lẹ́yìn oṣù mẹ́rìnlá. Ó ń wa bọ́ọ̀sì tó ń lọ Ìjẹ̀bú láti Challenge. Bó bá rí mi níbi tí mo ti ń dúró de mọ́tò, ó máa ń gbé ọwọ́ sókè, èmi náà á gbé tèmi. Mi ò lọ́kọ.

Ohun mìíràn tún yé mi lórí àga yẹn. Ní ọdún 2018, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù mi, pé àyè wà fún ẹni tó bá fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà lálẹ́ ní Agbowó. Mo rò pé gbogbo ènìyàn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí.

Nígbà tí Dókítà dé, mo tẹ̀ lé wọn wọlé. Mo sọ ohun tí mo rí. Wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló fi hàn ẹ́?"

"Kọ̀ǹpútà ni, sà."

"Gbádérọ̀ wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ yìí lọ́dún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mo bá a sunkún, lórí àga tí o jókòó sí yẹn. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un nígbà náà, mo sì ń sọ fún ìwọ náà: ẹni tó ti fẹ́ra ti fẹ́ra. Ẹni tó ti bímọ ti bímọ. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe báyìí?"

"Èmi ni ẹni karùn-ún, sà."

Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún.

"Ṣé o padà fẹ́ ẹni tí o torí rẹ̀ ṣe àyẹ̀wò?"

"Rárá, sà."

"Máa gba ìpín, ọmọ mi. Ọlọ́run ló mọ ìdí ẹ̀." Wọ́n dá awò náà padà sójú. "Lọ pa orúkọ Gbádérọ̀ rẹ́ lórí ẹ̀rọ yẹn, pa ìwé náà rẹ́ pẹ̀lú, kí o sì ṣe iṣẹ́ tí mo gbé fún ẹ kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú. Bí mo bá gbọ́ pé o wá ẹnikẹ́ni lọ, Mujeebat, má padà wá síbí. Kì í ṣe pé mò ń bínú. Ogún ènìyàn ló ń jẹun níbí. Mi ò ní jẹ́ kí wọ́n ti ilé yìí pa nítorí ọjọ́ kan."

"Mo fẹ́ dán ètò tuntun náà wò lórí ẹ̀rọ tí a ò lò kí n tó gbé e síbi tí à ń lò, sà."

"Ìyẹn ò ṣòro. Dán an wò."

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gbé ẹ̀dà tuntun sórí kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Mo pe Ṣàkírù, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló mọ̀ pé AS ni òun. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, pé ìdí tí òun kò fi tíì gbéyàwó nìyẹn. Mo ní kí ó fi ẹ̀jẹ̀ ìdánwò sínú ihò òdo dé ìkẹta, tirẹ̀ sínú ìkẹrin, tèmi sínú ìkarùn-ún. Bí ètò náà kò bá tíì dára, tirẹ̀ ni yóò jáde lórí ìwé mi, gẹ́gẹ́ bí ti Ọ̀gá ṣe jáde lọ́jọ́ kìíní.

Ó so rọ́bà mọ́ mi lápá.

"Àǹtí, ọwọ́ yín tutù bí omi inú fìríìjì."

"Fa ẹ̀jẹ̀, jàre."

"Ẹ má wò ó o."

"Mo fẹ́ wò ó."

"Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ó bá jáde ní AA, kò sí ohun tó dí wa lọ́wọ́ mọ́ nìyẹn. Ẹ ò ní sọ pé mi ò bá yín sọ ọ́."

"Ọmọ àná tí mo lè pọ̀n! Máa fà á."

Ẹ̀rọ náà gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Ṣàkírù kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Mo jókòó sórí àga Ọ̀gá, tí Ṣàkírù gbé wá láti ẹ̀bá fèrèsé nítorí kò sí àga mìíràn ní yàrá ẹ̀yìn. Mo rí i pé ìrọ̀rí ìdí rẹ̀ ti jin sí apá òsì. Ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ṣàkírù gbé e, ó wò ó, ó nà án sí mi.

Ẹni kẹrin, AS. Ẹni karùn-ún, AA.

Ìwé náà ṣì gbóná. Nǹkan méjì ló sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò tuntun náà dára. Èmi náà dára, mo sì ti dára láti ọjọ́ tí ìyá mi ti bí mi.

"Àǹtí, ẹ sunkún bó bá ń ṣe yín," Ṣàkírù ní.

"Tí mo bá dé ilé."

Ẹni àkọ́kọ́ kò tíì gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nígbà tí mo padà síwájú ẹ̀rọ ńlá. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun, mo fi bírò da ìwé Ọ̀gá kọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ká a sínú báàgì mi. Níwájú orúkọ tèmi, níbi tí wọ́n kọ "mi ò tíì sọ" sí, mo fi kún un: ó ti gbọ́. Mo pa ìlà tó ń jí ní ogójì ìṣẹ́jú láràárọ̀ rẹ́. Mo tú ètò náà sílẹ̀. Mo tẹ sudo apt upgrade. Orúkọ kan ṣoṣo ló jáde. Mo kà á sókè, mo tún un kà. Lẹ́yìn náà mo tẹ Y. Ẹ̀rọ ní kò sí ètò kankan tí a dá dúró mọ́. Níkẹyìn, mo pa orúkọ gbadero rẹ́. Ẹ̀rọ náà ò bi mí bóyá ó dá mi lójú. Ó kàn ṣe é.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo ti wà níbẹ̀ kí aago méje tó lù. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tó di ogójì ìṣẹ́jú, fáànù náà gbéra. Ó pariwo ju ti Ọjọ́rú lọ, ó sì pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Mo wo àkọsílẹ̀. Kò sí ìlà kankan níbẹ̀. Ó dà bí ẹni tó wọ yàrá tó ń wá nǹkan tó fi síbì kan, tí kò rí i.

"Ó ku ẹnì kan, sà," mo ní. "Mo mọ̀."

Àwọn aláyẹ̀wò ìjọba dé ní aago mẹ́wàá, wọ́n wo gbogbo rẹ̀, wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Dókítà kí mi níṣojú wọn, wọ́n ní mo ṣeun, pé mo ti fi hàn pé kì í ṣe ọmọ yunifásítì nìkan ló mọ iṣẹ́. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ń retí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n ti lọ kírun, mo wọ ọ́fíìsì wọn, mo gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, mo kọ ọ̀rọ̀ àṣírí ẹ̀rọ sínú ìwé kan lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní kí n má padà wá bí mo bá wá ẹnikẹ́ni lọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ọ̀nà tí wọ́n á gbà lé mi.

Ní àárọ̀ Àbámẹ́ta, mo dúró de mọ́tò ní Challenge. Bọ́ọ̀sì Hàrúnà ń kó èrò ní òdìkejì. Ó rí mi, ó gbé ọwọ́ sókè. Èmi náà gbé tèmi. Ìwé tó ní AA lórí wà nínú báàgì mi, pẹ̀lú ìwé Ọ̀gá. Ọmọbìnrin kan jókòó níwájú bọ́ọ̀sì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú aṣọ ilé kéú, ó fi orí jọ ọ́ gan-an. Mo sọ ọwọ́ mi kalẹ̀. Mọ́tò tó ń lọ Òjòó dé, mo wọ̀ ọ́. Ní Òjòó, mo wọ ti Moniya.

Káfíńtà mẹ́rin ló wà ní ojú ọ̀nà tí wọ́n júwe fún mi. Ìsọ̀ kẹta ni mo ti rí i. Ọkùnrin kan ń fá pákó, èérún pákó ti bo irun apá rẹ̀. Obìnrin kan jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó lóyún, kò tíì tóbi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní Akínlolú ni mò ń wá."

Ó gbójú sókè. Ó wo báàgì mi, ó wo bàtà mi, ó tún wo ojú mi bóyá òun mọ̀ mí níbì kan.

"Èmi ni. Ẹ wá nípa ilẹ̀kùn tí wọ́n ní kí n ṣe ni?"

"Rárá o."

"Ta ló wá rán yín sí mi?"

Mo ṣí báàgì mi. Mo mú ìwé náà jáde. Gbogbo ọ̀nà láti Challenge ni mo ti ń to ohun tí mo máa sọ, bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ tèmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo la ẹnu, ohùn mi balẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń kọ́ni ní kíláàsì.

"Ọ̀gá Gbádérọ̀ ló rán mi," mo ní. "Wọ́n ti ń wá yín tipẹ́."